Ẹ Má Fi Èdè Ẹlòmíràn Wọn Iyè Àwọn Àgbà Wa

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni à ń gbọ́ ní ilẹ̀ wa nígbà tí iyè àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Àwọn kan yóò ní, «Ọjọ́ ogbó ni.» Àwọn kejì yóò ní, «Àrùn òyìnbó nìyẹn, kò sí ní ìdílé tiwa.» Àwọn kẹta, tí ọ̀rọ̀ tiwọn burú jù, kì í sọ ọ́ sókè, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni wọ́n ti ń sọ pé ìyá náà «ti ń jẹ́wọ́». Àwa tí a ń kọ ìwé yìí kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àìmọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ìgbéraga ni ti èkejì, ìkà sì ni ti ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ kẹrin tún wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kì í fi ẹnu sọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi ìṣe sọ: pé a lè fi èdè Faransé àti ìdánwò ilé ìwé wọn iyè ẹni tí kò jókòó sí ilé ìwé rí. A ó bá òun náà wíjọ́ níhìn-ín, nítorí pé ẹni tí ó fi òṣùwọ̀n èké wọn ọjà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, irọ́ ni yóò kọ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Ìgbàgbé kékeré ń bá gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó gbé kọ́kọ́rọ́ síbì kan tí kò rántí ibẹ̀, tàbí tí ó fi orúkọ àbúrò pe ẹ̀gbọ́n, kò ní àrùn lára. Àrùn iyè rírà yàtọ̀ sí èyí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó máa ń wọlé. Ìyá tí ó ti ń ta ẹ̀kọ fún ogójì ọdún kò mọ iye tí yóò fún oníbàárà padà mọ́. Bàbá tí ó mọ gbogbo ọ̀nà oko ṣìnà láàrin ilé àti oko. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ń bi àwọn ọmọ pé, «Ẹ kò ní fún mi lóúnjẹ lónìí ni?» Ọpọlọ ni ó ń ṣàìsàn níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dọ̀ tàbí ọkàn ti ń ṣàìsàn. Láti ọdún 1906 ni dókítà Alois Alzheimer, ará Jámánì, ti ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ohun tí ó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ṣe. Irú tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Òmíràn tí ó wọ́pọ̀ ni èyí tí ó ń wá láti inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ tí ó ti bàjẹ́, pàápàá lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá jà láìgba ìtọ́jú. Ogbó ń mú kí ewu àrùn náà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ogbó kọ́ ni àrùn náà. Gbogbo wa ni a mọ àgbà tí ó ti lé ní aadọ́rùn-ún ọdún, tí ó ṣì ń parí ìjà fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Orúkọ tí a ń pe àrùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Èdè Faransé ń pè é ní démence, ọ̀rọ̀ tí ó tún ń tọ́ka sí ìsínwín. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bá fi ìkánjú túmọ̀ rẹ̀ yóò sọ fún ẹbí pé ìyá wọn ti ya wèrè, láti ọjọ́ náà ni wọn yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pamọ́ fún àlejò. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí kò ní ẹ̀gàn nínú. A máa ń sọ pé iyè ènìyàn rà, bí aṣọ tí ó ti pẹ́ ti ń rà. A sì máa ń sọ pé àgbà ń ṣarán. A kò fi èyí pe ẹnikẹ́ni ní wèrè. Kí àwọn tí ń túmọ̀ èdè nínú ẹgbẹ́ wa mú ọ̀rọ̀ náà lò, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú títúmọ̀ ìtìjú àwọn ẹlòmíràn sí èdè wa.

Ẹ jẹ́ kí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ní àrùn òyìnbó ni. Ìṣirò kan tí wọ́n gbọ́, tí wọn kò gbọ́ délẹ̀, ni wọ́n gbójú lé. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ló ṣáájú àwọn ti Ìbàdàn títí ó fi kú ní 1995. Adéṣọlá Ògúnníyì, Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló bá iṣẹ́ náà lọ. Hugh Hendrie ló ṣáájú ní Indianapolis. Yorùbá 2494 tí wọ́n ti tó ọdún 65 ni wọ́n wò ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n sì wo àwọn ènìyàn dúdú 2212 ní Indianapolis. Ìbéèrè kan náà, ọ̀nà kan náà, ní ìlú méjèèjì. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 1995, ó hàn pé nínú àgbà 100 ní Ìbàdàn, bí 2,3 ni àrùn náà ń bá jà. Ní Indianapolis, tí a bá ka àwọn tí ń gbé ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ wọn, ó lé ní 8. Ní 2001 wọ́n tún sọ iye àwọn tí àrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún: 1,35 nínú 100 ní Ìbàdàn, 3,24 nínú 100 ní Indianapolis.

Ìṣirò yìí ni àwọn ènìyàn wa gbọ́ tí wọ́n fi ń yangàn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ló dára, wọ́n ní ọbẹ̀ ilá àti ìyán wa ni oògùn rẹ̀. A fẹ́ bi wọ́n léèrè: ta ni àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n wà ní Indianapolis? Àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ wọn ni a kó ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Ouidah àti Àjàṣẹ́ sì wà lára èbúté tí àwọn ọkọ̀ ẹrú ti ń gbéra. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń dáàbò bo ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè kọjá òkun ìbá ti dáàbò bo àwọn náà. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ wo jíìnì kan tí à ń pè ní APOE, tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ máa ń mú kí ewu àrùn Alzheimer pọ̀ sí i. Ó wà lára àwọn ará Ìbàdàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ lára wọn bí ó ti le lára àwọn ará Indianapolis. Àwọn tí Amẹ́ríkà tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru jù, wọ́n ní àtọ̀gbẹ jù, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì pọ̀ jù. Ìgbé ayé wà lára ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ìgbé ayé sì ń yí padà níwájú wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà gan-an ni àwọn tí ń yangàn kò dé. Ní 2001 àwọn onímọ̀ kan náà mú àwọn àgbà mìíràn tí wọ́n ti tó ọdún 70 ní ìlú méjèèjì, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ti 1992. Ní Indianapolis, iye àwọn tí àrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún wálẹ̀ láti 3,6 nínú 100 sí 1,4. Ní Ìbàdàn, 1,7 ni ó wà tẹ́lẹ̀, 1,4 ni ó wà lẹ́yìn náà. Àwọn onímọ̀ ní ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí a lè pè ní àyípadà. Nínú àwọn ti Indianapolis tí wọ́n mú ní 2001, àwọn tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ ju ti àwọn aṣáájú wọn lọ. Ẹ rò ó wò. Àwọn tí a rò pé àrùn náà jẹ́ tiwọn ti bá wa dọ́gba. Tiwọn wálẹ̀, tiwa dúró sójú kan. Bí ìlú wa bá wá ń kún fún ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n, kí ni yóò mú kí tiwa má gòkè?

Ilẹ̀ wa náà kò sì ṣófo. Ní 2007 àwọn onímọ̀ wo àgbà 502 ní Djidja, ní ẹkùn Zou. Wọ́n rí i pé 2,6 nínú 100 ni àrùn náà ń bá jà. Ní 2008 wọ́n wo àgbà 1139 ní Cotonou. 3,7 nínú 100 ni wọ́n rí níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lọ́nà kan náà rí 6,7 nínú 100 ní Brazzaville àti 8,1 nínú 100 ní Bangui. Ṣé òyìnbó ni àwọn ará Bangui? Nínú mílíọ̀nù 55 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àrùn náà ń bá jà ní gbogbo ayé, àjọ ìlera àgbáyé ní ó ju 60 nínú 100 tí ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Kí àwọn tí ń sọ pé àrùn òyìnbó ni dákẹ́ wàyí.

Àwa tí a ń lo ìṣirò wọ̀nyí kò sì gbọdọ̀ sin wọ́n bí òrìṣà. Òǹkà tí ó kéré lè túmọ̀ sí pé àrùn náà ṣọ̀wọ́n, ó sì lè túmọ̀ sí pé a kò rí i. Ní ilé wa, nígbà tí àgbà bá ti dàgbà dé ibì kan, a kì í jẹ́ kí ó ṣe nǹkan kan mọ́. Ọmọ ni yóò pọn omi, ìyàwó ilé ni yóò se oúnjẹ, ọmọ ọmọ ni yóò mú un dé balùwẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Àṣà yìí dára, a kò ní kí ẹnikẹ́ni fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń bo àrùn mọ́lẹ̀. Bí àgbà kò bá ní ohun tí ó ń ṣe, ta ni yóò mọ̀ pé kò lè ṣe é mọ́? Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn pàdé ìṣòro yìí gan-an. Nítorí náà, olùwádìí tí ó bá bi ẹbí léèrè pé, «Ṣé bàbá ṣì ń san owó iná fúnra wọn?» kò tíì béèrè nǹkan kan. Kí ó béèrè bí bàbá bá ṣì mọ ẹni tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè. Kí ó béèrè bí ìyá bá ṣì mọ ẹni tí ó kàn láti kó àjọ. Kí ó béèrè bí àwọn ènìyàn bá ṣì ń gbé ẹjọ́ wá síwájú wọn, tàbí bí wọ́n bá ti dáwọ́ dúró láìsọ ìdí.

Èyí ni ó mú wa dé orí òṣùwọ̀n. Ìdánwò iyè tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ilé ìwòsàn ni Mini-Mental, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1975, tí àwọn Faransé sì túmọ̀ sí èdè tiwọn. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí ó ń béèrè. «Àkókò wo nínú ọdún ni a wà?» Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni ìyá Ṣábẹ̀ mọ̀, ẹni tí ó ṣe ìbéèrè náà ń retí ìgbà òtútù àti ìgbà ìrúwé. «Àjà kelòó ni a wà nínú ilé yìí?» Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni a wà, ìyá. «Ẹ yọ 7 kúrò nínú 100, kí ẹ sì máa yọ ọ́ lọ.» «Ẹ ka lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ MONDE láti ẹ̀yìn wá síwájú.» «Ẹ ka ohun tí a kọ síbí yìí, kí ẹ sì ṣe é.» «Ẹ kọ gbólóhùn kan.» Obìnrin tí ó ti ra ẹran, tí ó ti tà á, tí ó ti fi èrè rẹ̀ kọ́ ilé, tí kò sì mọ lẹ́tà M yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àkàsọ̀, yóò jáde ní yàrá náà pẹ̀lú ìwé tí ó sọ pé iyè rẹ̀ ti rà. Àwọn ọ̀mọ̀wé yóò ní àwọn ń yọ díẹ̀ nínú òṣùwọ̀n fún ẹni tí kò kàwé. Bí a bá fi òṣùwọ̀n iyọ̀ wọn epo, tí a wá yọ díẹ̀ nínú iye tí a rí, ṣé epo ni a wọ̀n?

Ọ̀nà mìíràn wà, ó sì ti pẹ́ tí ó ti wà. Ìdánwò tí wọ́n lò ní Ìbàdàn, tí wọ́n tún lò ní Djidja àti Cotonou, ni CSI-D. Kathleen Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lò ó láàrin àwọn Cree, àwọn onílẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà, kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Kò bèèrè kíkà tàbí kíkọ. Ó ń bá àgbà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń bá ìbátan tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa sọ̀rọ̀, ó wá ń fi ọ̀rọ̀ ẹni méjèèjì wé ara wọn. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n fún ẹlòmíràn tí kò rí èyí tí ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó tún un túmọ̀ padà, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìtumọ̀ ti yẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ tí ó ní ọ̀wọ̀ nínú.

Ṣùgbọ́n Djidja kì í ṣe Kétu, Cotonou kì í ṣe Ṣábẹ̀, Yorùbá Ìbàdàn kì í sì í ṣe ohùn Ìdàáṣà tàbí ti àwọn Ifẹ̀ tí ó wà ní agbègbè Atakpamé ní Togo. Àgbà tí a fi ohùn rédíò bi léèrè lè dákẹ́ nítorí pé kò mọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe nítorí pé kò mọ ìdáhùn. A ń fẹ́ òṣùwọ̀n tí a kọ ní ohùn ìlú kọ̀ọ̀kan, tí a dán wò lára àwọn àgbà tí ara wọn dá kí a tó gbé e tọ aláìsàn lọ. Kí ìbéèrè ọjọ́ jẹ́ èyí tí ó bá ìgbé ayé wọn mu: «Ọjà wo la ná lánàá? Ọjà wo ni ó kàn?» Ẹni tí ó ti ń ka ọrún láti kékeré, tí kò wá mọ ọjọ́ ọjà ìlú rẹ̀ mọ́, ẹ̀rí tòótọ́ ni ó fi lé wa lọ́wọ́.

Níhìn-ín a ní láti bá àwọn ènìyàn tiwa wí pẹ̀lú. Àwọn kan nínú àwọn olùfẹ́ àṣà gbà pé bí ìyá bá ti lè ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ láìsinmi, iyè rẹ̀ pé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn kọ́ ní kékeré, tí ó ti sọ lẹ́ẹ̀ẹ́gbẹ̀rún, ni ó máa ń pẹ́ jù kí àrùn náà tó mú un lọ. Ìyá lè ki oríkì náà débi tí omi yóò bọ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó má sì mọ̀ pé òun ti kí àlejò kan náà ní ìgbà mẹ́ta ní àárọ̀ náà. Ohun tuntun ni kí a fi dán iyè wò: kí a sọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, kí a bá a sọ nǹkan mìíràn, kí a tún padà béèrè wọn. Ìfẹ́ àṣà tí kò gba àyẹ̀wò yóò fi orin bo ọgbẹ́.

Ó kan àwọn tí ń sọ pé ìyá «ń jẹ́wọ́». Ẹni tí iyè rẹ̀ rà lè máa rìn ní òru, nítorí pé àrùn náà máa ń da oorun rú. Ó lè máa bá ẹni tí ó ti kú sọ̀rọ̀. Ó lè sọ pé òun ni òun pa ọmọ òun tí ibà pa ní ogójì ọdún sẹ́yìn, nítorí pé ìbànújẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. A wá mú ọ̀rọ̀ aláìsàn, a sọ ọ́ di ẹ̀rí lórí ara rẹ̀. A kó o lọ sí ibi tí a ti ń nà án, tàbí a fi ebi pa á, tàbí a fi í sílẹ̀ ní ahéré. Àwọn opó àti àwọn tí kò lọ́mọ ni ó máa ń kọ́kọ́ kàn, èyí tí ó tó láti fi hàn wá pé ẹni tí kò ní olùgbèjà ni a ń wá.

Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Ní 2001 UNESCO kéde rẹ̀ ní ogún gbogbo ayé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo pọ̀. Kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí kò ṣe ọ̀wọ̀ tí a fi ń fún àwọn ìyá wa àgbà? A gbẹ́ igi, a kùn ún, a fi orí rù ú, ọkùnrin wọ aṣọ obìnrin, Ẹ̀fẹ̀ kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́, kí a lè tu àwọn ìyá lójú. Ilẹ̀ mọ́ tán, a wá sọ òkò lu ìyá kan tí kò rántí ojúlé rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń kó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ sí òkè òkun, tí kò sì lè gba ìyá kan sílẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀, igi gbígbẹ́ nìkan ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtakò méjì ni a mọ̀ pé a ó gbọ́. Èkíní ni pé ibà ń pa ọmọdé, ikú abiyamọ kò tíì tán, a wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ìdáhùn wa rọrùn. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet yàn sọ ní 2024 pé bí 45 nínú 100 àrùn iyè rírà ní gbogbo ayé ni a lè dènà tàbí dá dúró fún ìgbà díẹ̀ bí a bá dojú kọ ohun 14. Ẹ wo díẹ̀ nínú wọn: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, etí dídi, ojú tí kò ríran tí a kò tọ́jú, sìgá, ọtí àmujù, èéfín inú afẹ́fẹ́, ọgbẹ́ orí, ìdánìkanwà, àti àìkàwé ní kékeré. Ẹ̀rọ kan náà tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń gba aboyún là, ni ó ń dènà àrùn rọpárọsẹ̀, ni ó sì ń dáàbò bo ọpọlọ. Akoto tí oní-zémìdjàn fi sórí, tí kò sì fún ẹni tí ó gbé sẹ́yìn, wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Sódàbì tí à ń mu láti àárọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tí a mú kúrò ní ilé ìwé kí ó lọ tajà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ọdún tí a bá jí lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ọpọlọ rẹ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún sí i. Ẹ̀tẹ̀ àti làpálàpá náà, oògùn kan ni ó ń wo wọ́n.

Àtakò kejì wúwo jù, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ní: kí ló dé tí wọ́n fi ń wá ẹ̀jẹ̀ wa? Ìbéèrè náà ní ìdí. Láti 1932 títí dé 1972, ìjọba Amẹ́ríkà wo àwọn ọkùnrin dúdú bí 400 tí àrùn sífílísì ń bá jà ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, láìtọ́jú wọn, àní lẹ́yìn tí pẹnisílínì ti di oògùn tí gbogbo dókítà ń lò. Ẹni tí ó mọ ìtàn yìí tí ó bẹ̀rù kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà kan náà, àrùn iyè rírà ń mú àgbà dúdú bí ìlọ́po méjì àgbà funfun. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dán oògùn lecanemab wò, kí ìjọba wọn tó fọwọ́ sí i pátápátá ní 2023, ìba díẹ̀ ni ènìyàn dúdú tí ó wà nínú ìdánwò náà. Àwọn tí ó nílò rẹ̀ jù ni wọn kò mọ̀ bí yóò ti ṣe lára wọn. Nínú ìwádìí, ẹni tí kò sí nínú ìwé ni a kì í pín fún. Kíkọ̀ pátápátá kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Àdéhùn ni ó ń dáàbò bo ènìyàn.

Àdéhùn wo ni kí a bá olùwádìí ṣe? Òfin ti wà ní Benin láti 2010 lórí ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera; kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ amòfin wa kà á, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn ìlú. Kí a ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àgbà ní ohùn tirẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ tẹ ìwé, kí ó sì mọ̀ pé òun lè sọ pé rárá láìsí ìbínú ẹnikẹ́ni. Bí iyè rẹ̀ kò bá tó láti yàn, kí ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe olórí àdúgbò nìkan. Kí a sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, àti ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí. Kí a mú èsì padà wá sí ààfin, sí ọjà, sí mọ́ṣáláṣí àti sí ilé ìjọsìn, ní Yorùbá, kí ó tó di ìwé ní Paris tàbí Limoges. Kí ẹni tí a bá rí àrùn lára rẹ̀ rí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Kí ọmọ ìlú sì wà lára àwọn tí ń ṣe ìwádìí náà, tí orúkọ rẹ̀ yóò hàn lórí iṣẹ́, kì í ṣe ẹni tí a ń pè láti wá túmọ̀ kí a tó fún un ní owó ọkọ̀ kí ó máa lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ tiyín nìyí. Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sílẹ̀, kí ẹ wọn ti gbogbo ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún kí ẹ tó gbé ọtí ìpàdé. Ẹ kó ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ iyè jọ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ní Pọ́bẹ̀, ní Ìdàáṣà, kí òṣùwọ̀n tí a ń béèrè lè ní ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ní ìyá kan ń jẹ́wọ́, ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ mú nọ́ọ̀sì dání.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ẹ̀kọ́ ọpọlọ àti ẹ̀kọ́ èdè, ẹ má dúró de àlejò. Ẹ ti mọ èdè Faransé tí àwọn ìwé náà fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ sì mọ ohùn tí ìyá yín àgbà ń sọ. Àwọn tí wọ́n ní ohun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀ láyé. Iṣẹ́ àṣekágbá tí ẹ fẹ́ kọ lórí akéwì Faransé kan tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kọ nípa rẹ̀, ẹ lè fi kọ ìbéèrè ogún ní ohùn Ṣábẹ̀, kí ẹ dán wọn wò lára ọgọ́rùn-ún àgbà. Ilé ìwòsàn yóò lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ìwé ẹ̀rí yín tán.

A kò sọ pé oògùn wà tí yóò dá iyè tí ó ti rà padà. Kò sí. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a má fi ẹ̀sùn kún àìsàn, kí a má pe aláìkàwé ní aláìníyè, kí a má sì sùn lórí òǹkà ọdún 1992 bí ẹni pé àdéhùn Ọlọ́run ni. Àwọn àgbà tí a ń sọ̀rọ̀ wọn ṣì wà láàyè. Ọjà tí ó kàn ni wọ́n ń kà lọ́wọ́ lọ́wọ́. Ẹ lọ bá wọn jókòó nígbà tí òǹkà náà ṣì pé.